Olè Wo Ló Ń Lu Agogo?

Ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn, bíi ti ọjà ńlá mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, aláṣọ tó mọṣẹ́ kì í di ẹrù fún oníbàárà kìkì nítorí pé oníbàárà na fóònù sí i, tó ní, "Màámi, owó ti lọ, ẹ wò ó." Ojú wọn ti rí tó. Fake alert, àtẹ̀jíṣẹ́ èké pé owó ti wọlé, ti jẹ owó ọlọ́jà, ó ti jẹ ti oníPOS, ó ti jẹ ti alákàrà, débi pé ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta nídìí ọjà ti mọ̀ pé àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe owó. Ìyá aláṣọ á ní kí oníbàárà fara balẹ̀ ná. Á ṣí áàpù báńkì tirẹ̀, á wo iye tó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó tó fa àǹkárá náà lé e lọ́wọ́. Bí oníbàárà bá ń kánjú, ìfura ń pọ̀ sí i ni.

Ẹ wá wo obìnrin yìí kan náà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó ti jẹun tán, ó jókòó, ó ń wá fíìmù kan tó gbọ́ pé ó dùn. Ojú òpó kan gbé e lọ sí òmíràn, òmíràn tún gbé e jù sí ibi tí kò mọ̀. Lójijì, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú fóònù pọ́n kankan. Wọ́n kọ orúkọ fóònù rẹ̀ gan-an síbẹ̀. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì mẹ́rin ti wọ inú rẹ̀, pé káàdì SIM máa tó bàjẹ́, pé fọ́tò àti nọ́ńbà gbogbo ènìyàn rẹ̀ máa pòórá. Aago kan ń ka ìṣẹ́jú méjì bọ̀ sí ìṣẹ́jú kan. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan wà nísàlẹ̀ tó ní òun lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Obìnrin tó ní kí oníbàárà fara balẹ̀ lọ́sàn-án ló wá ń sáré tẹ bọ́tìnnì àjèjì lálẹ́, kí aago má baà pé.

Fake alert ni méjèèjì. Ti ọ̀sán ní owó ti wọlé, ti alẹ́ ní ewu ti wọlé, kò sì sí èyí tó wọlé nínú méjèèjì. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣẹ́gun ti ọ̀sán tó láti fi ṣẹ́gun ti alẹ́ náà, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí ìyá aláṣọ ní láti lọ kó tó lò ó. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni pé wọn kò tíì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ohun tó kọ́kọ́ ń mú kí ènìyàn gba ìkìlọ̀ náà gbọ́ ni orúkọ fóònù. "Bí kì í bá ṣe pé wọ́n rí inú rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé Samsung ni mò ń lò?" Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Chrome tàbí Safari tó fi ṣí i máa ń kí onílé lẹ́nu ọ̀nà: á sọ irú ẹni tóun jẹ́, bóyá orí Android lòun wà tàbí orí iPhone, èdè tí wọ́n ń lò lórí fóònù náà; bí ojú ewé bá sì béèrè orúkọ fóònù gan-an, Chrome orí Android á sọ ọ́ láìbi onífóònù. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú òpó kò ní mọ bóyá kí òun fún un ní ojú ewé tó gba fóònù ni tàbí èyí tó gba kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ ibi tí ìdáhùn yóò gbà padà tún máa ń fi iléeṣẹ́ tí ènìyàn ra dátà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn, àti ìlú tó ṣeé ṣe kó wà. Ìyẹn ni ìkìlọ̀ náà fi lè dárúkọ ìlú ẹni pẹ̀lú. Gbogbo èyí kò ju kí ènìyàn dúró níta ilé, kó ka nọ́ńbà ojúlé, kó wá máa pariwo pé òun mọ ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Gbígbọ̀n náà ńkọ́? Àṣẹ kékeré kan ni. Ẹni tó kọ ojú ewé lè kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí fóònù gbọ̀n, Chrome orí Android yóò sì gbọ̀n lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti fọwọ́ kan ojú ewé náà. Irú nǹkan bíi géèmù ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Safari orí iPhone kì í gbọ́ àṣẹ yẹn, ìdí nìyẹn tí ìkìlọ̀ èké orí iPhone fi máa ń pọ́n lójú lásán tí kì í gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ju ìwọ̀nyí lọ ni pé ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kò lè yẹ fóònù wò. Kò ní agbára rẹ̀. Yàrá àlejò ni Chrome àti Safari máa ń fi gbogbo ojú ewé sí, ilẹ̀kùn yàrá yẹn kò sì já sínú ilé. Ojú ewé kò lè ka àtẹ̀jíṣẹ́, kò lè mọ iye áàpù tó wà lórí fóònù, ká má tilẹ̀ wá sọ pé ó ka fáírọ́ọ̀sì mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ìkìlọ̀ kan wà tó ti rìn káàkiri ayé tó ń sọ fún ènìyàn pé fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́ dé ìwọ̀n 28.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ra fóònù lánàá rí 28.1. Ẹni tí ojú fóònù rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún kẹta rí 28.1. Dókítà wo ló ń ka ibà kan náà fún gbogbo aláìsàn tó wọlé? Aago tó ń kà yẹn náà, bí ènìyàn bá tún ojú ewé náà ṣí, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló máa padà sí.

Ìkìlọ̀ 28.1 yẹn tún ní ọ̀rọ̀ kan nínú tó yẹ ká dúró lé díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú rẹ̀ wà. Ó ní ibi tí fóònù ti kó fáírọ́ọ̀sì ni àwọn ojú òpó oníhòòhò tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wò. Ẹni tó kọ gbólóhùn yìí mọ ènìyàn dáadáa. Bí alàgbà ìjọ bá rí i lójú fóònù rẹ̀, ta ni yóò gbé e lọ bá? Ọmọ rẹ̀ tó mọ fóònù ni ó yẹ kó pè, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe fi ọ̀rọ̀ yẹn han ọmọ? Ìyá ọkọ ò ní fi han ìyàwó ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà á gbé fóònù wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á dá nìkan yanjú rẹ̀. Dídá nìkan yanjú rẹ̀ yẹn gan-an ni ohun tí oníjìbìtì ń fẹ́. Ìbẹ̀rù ló ń lé ẹni sáré, ìtìjú ló ń pa ẹni lẹ́nu mọ́, àwọn méjèèjì ló sì wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Òwò yìí dàgbà ju fóònù ìgbàlódé lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, kí iPhone àkọ́kọ́ tó jáde, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú iléeṣẹ́ Microsoft gbé iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Secure Computer lọ sílé ẹjọ́. Ọjà wọn ń jẹ́ Spyware Cleaner. Wọ́n á ní kí ènìyàn jẹ́ kí àwọn yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Àyẹ̀wò náà á sì rí àìsàn, bí kọ̀ǹpútà náà tiẹ̀ mọ́ tónítóní. Dọ́là 49.95 ni oògùn rẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù kan dọ́là.

Ti iléeṣẹ́ Innovative Marketing tún wá ju ìyẹn lọ. Àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lóṣù Kejìlá ọdún 2008, ó ní ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí wọ́n ti fi àyẹ̀wò èké ta oògùn kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ WinFixer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni ó yẹ kí àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn oníbùlọ́ọ̀gì wa fetí sí. Wọ́n á lọ bá ilé ìpolówó pé aṣojú iléeṣẹ́ tó lórúkọ rere ni àwọn, wọ́n á gbé ìpolówó tó dára kalẹ̀. Bí àwọn tó gba ìpolówó náà bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó dára ni wọ́n máa rí. Bí òǹkàwé bá ṣí i, àyẹ̀wò èké ló máa bá pàdé. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ ní kí ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí òwò náà san mílíọ̀nù 163 dọ́là.

Nítorí náà, bí ènìyàn bá rí ìkìlọ̀ pupa lójú òpó tó ti mọ̀ tipẹ́, kó má tètè rò pé onílé ló gbé e síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni onílé fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí alárinà ìpolówó ń gbà wọlé. Àìmọ̀ yẹn kò sì wẹ̀ ẹ́ mọ́ tán, nítorí òun náà ń gba owó lórí rẹ̀.

Nígbà tí ayé kó lọ sórí fóònù, òwò náà bá wọn kó lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, áàpù kan tó ń jẹ́ Virus Shield dé òkè téńté láàárín àwọn áàpù olówó lórí Google Play. Dọ́là 3.99 ni wọ́n ń tà á, ó sì lé ní ẹgbàárùn-ún ènìyàn tó rà á. Nígbà tí àwọn oníròyìn Android Police tú inú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: bí ènìyàn bá tẹ àwòrán apata ojú rẹ̀, àmì X á yí padà di àmì pé ó ti tọ́. Ó parí! Google dá owó padà, wọ́n sì fi dọ́là márùn-ún tọrọ àforíjì.

Ẹni bá rò pé ìyẹn kọ́ ọjà lọ́gbọ́n, kó wo ti ọdún 2019. Àwọn AV-Comparatives ní Austria, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ dídán áàpù ààbò wò, kó áàpù 250 tó ń pe ara wọn ní apàfáírọ́ọ̀sì jọ láti Google Play, wọ́n dán wọn wò. 80 péré ló rí ju ọgbọ̀n lọ nínú ọgọ́rùn-ún áàpù burúkú tí wọ́n kó síwájú wọn láìfẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó kù kò yẹ nǹkankan wò. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn áàpù tí wọ́n gbà pé ó dára, ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ ti di ewu. Àwọn kan nínú wọn gbàgbé láti kọ orúkọ tiwọn síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ fóònù wò, wọ́n mú ara wọn lólè.

Ọjà tí a ti lè rí irú nǹkan báyìí, kí ni aláṣọ Gbági fẹ́ fi ṣe ìyàtọ̀? Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn àgbà pé "wọn ò mọ fóònù" kò ṣe ẹ̀tọ́. Ní Amẹ́ríkà, ní ilé ìtajà gidi tó ní òrùlé àti òṣìṣẹ́, wọ́n ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, Office Depot gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là, Support.com tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ san mílíọ̀nù mẹ́wàá, lórí ẹ̀sùn FTC pé àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe àyẹ̀wò. Òṣìṣẹ́ á béèrè ìbéèrè mẹ́rin: ṣé kọ̀ǹpútà rẹ ń falẹ̀, ṣé ó ń kú lójijì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oníbàárà bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan péré, ẹ̀rọ á kéde pé àmì fáírọ́ọ̀sì wà. Ohun tí ẹ̀rọ náà rí tàbí tí kò rí nínú kọ̀ǹpútà kò kan ìdáhùn yẹn.

Kí ni àwọn tó ń ṣe ìkìlọ̀ èké ń jẹ níbẹ̀? Ó pọ̀. Èyí tó rọrùn jù ni kọmíṣọ̀n: ìkìlọ̀ èké máa ń gbé ènìyàn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó áàpù ààbò, alárinà á sì gba tirẹ̀ lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá rà á. Àwọn mìíràn ń fi ènìyàn sí ìforúkọsílẹ̀ tó ń gé owó ìpè lójoojúmọ́, tí onífóònù á kàn máa ṣàròyé pé "dátà yìí kì í pẹ́." Àwọn mìíràn ń gba nọ́ńbà káàdì báńkì. Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń fi ìkìlọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé.

Ọ̀rọ̀ FluBot ṣàlàyé ìyẹn. Fáírọ́ọ̀sì gidi ni, ó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì, àtẹ̀jíṣẹ́ pé ẹrù ẹni ń bọ̀ lọ́nà ló fi ń tàn kálẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2021, òkìkí rẹ̀ ti kàn débi pé àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rù orúkọ rẹ̀. Kí ni àwọn tó ni ín ṣe? Wọ́n ṣe ojú ewé pupa kan tó ní, "FluBot ti wọ fóònù rẹ, gba àtúnṣe ààbò yìí kó lè jáde." Fóònù ẹni tó ka ìkìlọ̀ yẹn mọ́. Àtúnṣe náà ni FluBot. CERT NZ, ẹ̀ka ìjọba New Zealand tó ń rí sí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì, ló sáré kéde rẹ̀ fún àwọn ará ìlú wọn. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2022 kí Europol, àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù, tó kéde pé ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ti pawọ́ pọ̀ já a gbà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Check Point rí áàpù mẹ́fà lórí Google Play tó pe ara wọn ní apàfáírọ́ọ̀sì, tó jẹ́ pé SharkBot, olè báńkì, ni wọ́n gbé pọ̀n.

Fáírọ́ọ̀sì tó ti wọlé lóòótọ́ kì í pariwo. Èrè rẹ̀ wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ìwádìí iléeṣẹ́ Upstream tí BuzzFeed News gbé jáde fi hàn pé àwọn fóònù Tecno W2 kan tí wọ́n tà ní Ghana, Cameroon, Ethiopia, Íjíbítì àti Gúúsù Áfíríkà ti ní fáírọ́ọ̀sì Triada àti xHelper nínú láti inú páálí. Àwọn tó rà á kò rí ìkìlọ̀ pupa kankan. Dátà wọn ń lọ, owó ìpè wọn ń lọ, wọ́n ń forúkọ wọn sí ohun tí wọn kò béèrè. Upstream ní àwọn dá irú okòwò bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 19.2 dúró láti orí fóònù tó lé ní 200,000. Transsion tó ni Tecno sọ pé àwọn ti ṣe àtúnṣe sí i. Olè tó wà nínú ilé ń rìn lórí èékánná ẹsẹ̀. Èyí tó ń lu agogo lójúde, inú ilé ló ń wá ọ̀nà wọ̀.

Ìkìlọ̀ òtítọ́ wà, kò sì ṣòro láti mọ̀. Bí Chrome bá rí i pé ojú òpó tí ènìyàn fẹ́ wọ̀ léwu, á fi ojú ewé pupa dí ọ̀nà, á ní kó padà sẹ́yìn. Kò ní ta nǹkankan. Apple náà, láti ọdún 2021, ń ránṣẹ́ sí àwọn tí òun bá fura pé àwọn amí olówó ńlá ń dọdẹ fóònù wọn, irú àwọn oníròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́. Apple sì ti sọ ọ́ pé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní sọ pé kí ènìyàn tẹ líǹkì, kò ní sọ pé kó gba áàpù, kò ní béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹni tó bá gbà á, kó lọ wọ àkáǹtì Apple rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò bá ìkìlọ̀ kan náà níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tí ìyá aláṣọ ń ṣe ní Gbági ni? Kò wo ohun tí oníbàárà nà sí i. Áàpù tirẹ̀ ló ṣí.

Ìyàtọ̀ náà nìyẹn: ìkìlọ̀ òtítọ́ ń ní kí ènìyàn padà, ti èké ń ní kó máa bọ̀.

Ká wá padà sí yàrá tí fóònù ti ń gbọ̀n. Bí ọmọ iṣẹ́ ìyá aláṣọ bá wà nítòsí, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ kò gùn: "Mà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkankan nínú ẹ̀." Ìyẹn kan àmì X àti "Close" tó wà lójú ewé náà pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tó ya bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ló ya àmì X yẹn, ibi kan náà ni wọ́n sì lè já sí. Ojú ewé lódindi ni wọ́n máa tì pa. Bí Chrome bá kọ̀ tí kò gbà, kí wọ́n pa Chrome fúnra rẹ̀, kí wọ́n lé e kúrò láàárín àwọn áàpù tó ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ sínú Settings rẹ̀, kí wọ́n nu ìtàn àti ohun tó kó pamọ́ dànù. Bí ó bá jẹ́ pé kò gba áàpù kankan, tí kò sì kọ nǹkankan sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Kò sí pé ó ń gbé fóònù lọ bá ẹni tó máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́.

Bí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀, kó ṣí Play Store, kó tẹ àwòrán ara rẹ̀ lókè, kó wọ Play Protect, kó ní kó yẹ fóònù wò. Láti ọdún 2017 ni Google ti fún un ní orúkọ yẹn, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà lórí fóònù kí ìkìlọ̀ kankan tó dé. Kì í ṣe pé kò lè ṣàṣìṣe. SharkBot gba abẹ́ imú Google wọlé. Ṣùgbọ́n òun gan-an lè wo inú fóònù, ojú ewé kò lè wò ó.

Irú kan tún wà tó ń da ènìyàn láàmú ju gbogbo èyí lọ: èyí tó ń dé nígbà tí ènìyàn kò tilẹ̀ ṣí ojú ewé kankan. Fóònù wà lórí tábìlì, ó dún, àmì McAfee tàbí Norton, àwọn tó ń ta áàpù ààbò, yọ, ó ní ààbò ti tán. Onífóònù kò ra Norton rí láyé rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé lọ́jọ́ kan, ojú òpó fíìmù tàbí ti bọ́ọ̀lù kan ní kó tẹ "Allow" kó lè fi hàn pé òun kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Kò sí ìdánwò róbọ́ọ̀tì nínú "Allow" yẹn. Ìyọ̀ǹda ló fún wọn, pé kí wọ́n máa fi ohun tó bá wù wọ́n ránṣẹ́ sí òun, tọ̀sán tòru. Fóònù kò ṣàìsàn. Ẹnu ọ̀nà ló ṣí sílẹ̀. Kí ó wọ Settings inú Chrome, kó wá Site settings, kó wọ Notifications, yóò bá orúkọ àwọn àjèjì náà níbẹ̀, kó lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn oníiPhone máa ń gba inú kàlẹ́ńdà wọlé: ènìyàn á ti ṣèèṣì gba kàlẹ́ńdà àjèjì kan, ìyẹn á wá máa kọ "iPhone rẹ ti kó fáírọ́ọ̀sì" sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti yọ kàlẹ́ńdà yẹn kúrò, ariwo parí.

Google mọ̀ nípa "Allow" yìí dáadáa. Ní ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín ariwo rẹ̀ kù nínú Chrome. Ó di oṣù karùn-ún ọdún 2025 kí wọ́n tó kéde pé Chrome orí Android yóò máa kìlọ̀ fún ènìyàn bí ìfitónilétí kan bá jọ ti jìbìtì. Ó pẹ́ jù. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ìpolówó tó ń gbé ènìyàn lọ sí irú ibẹ̀ ń lọ lójú pópó, owó sì ń wọlé fún àwọn tó ń gbé ìpolówó náà.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà ńbẹ̀, kò sì dùn ún sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ìkìlọ̀ èké, Gẹ̀ẹ́sì ni ìkìlọ̀ òtítọ́. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n wá àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe kọ ọ́, àṣìṣe ni wọ́n á fi mọ èké. Kí ni kí ẹni tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì fi mọ̀ ọ́n? Àwọ̀ pupa àti gbígbọ̀n nìkan ló yé e, ohun tí oníjìbìtì sì fẹ́ kó yé e náà nìyẹn. Àjọ NCC tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà ti fi hàn pé nǹkan lè rọrùn bí wọ́n bá fẹ́: nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó sú àwọn ènìyàn, wọ́n gbé 2442 kalẹ̀ ní ọdún 2016, ẹni tó bá fi STOP ránṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n á yé dà á láàmú. Nọ́ńbà yẹn ṣì wúlò fún ẹni tí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dà láàmú. Ṣùgbọ́n lórí ìkìlọ̀ èké, ìṣẹ́jú kan péré lórí rédíò, ní Yorùbá tó mọ́ gaara, láàárín ètò ìròyìn òwúrọ̀, ì bá ṣe ju ọgọ́rùn-ún ìwé àlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta dátà mọ Yorùbá dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń polówó. Kí wọ́n fi Yorùbá kan náà kìlọ̀.

Kí àwọn ọmọ pẹ̀lú rántí ọ̀rọ̀ ìtìjú yẹn. Kí wọ́n má dúró dìgbà tí bàbá tàbí ìyá bá béèrè, nítorí pé wọ́n lè má béèrè. Kí ẹni tó bá lọ kí àwọn òbí rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí gba fóònù wọn, kó wo Notifications inú Chrome, kó wo àwọn áàpù tí wọn kò mọ ìgbà tí wọ́n gbà á, kó má sì bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí i.

Ẹni tó bá sì ti tẹ bọ́tìnnì kó tó ka ọ̀rọ̀ yìí, bó bá jẹ́ áàpù ló gbà, kó yọ ọ́ kúrò, kó fi Play Protect yẹ fóònù wò, kó sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì rẹ̀ padà lórí fóònù mìíràn. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà káàdì tàbí OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́, ló kọ sílẹ̀, kó pe báńkì lónìí, kí wọ́n ti káàdì náà pa. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ni kó pè o, kó má pe èyí tí wọ́n kọ sínú ìkìlọ̀.